Ẹ́ńjìnnì ìgbésẹ̀-méjì fún alùpùpù inú igbó

Ẹ́ńjìnnì ìgbésẹ̀-méjì jẹ́ irú ẹ́ńjìnnì kan tí ó ń parí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, láti orí fífa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé títí dé orí lílé èéfín jáde, láàárín ìgbà tí písítìnnì rẹ̀ bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tú-sitirókù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Alùpùpù inú igbó ni èyí tí a ṣe fún ẹrẹ̀, yanrìn, àpáta àti òkè gíga, tí kì í ṣe fún títì ọlọ́dà. A ń lò ó fún ìdíje motocross, enduro àti trials, àwọn mìíràn sì ń gùn ún fún ìgbádùn lásán. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì ìgbésẹ̀-méjì fúyẹ́, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò pọ̀, tí agbára rẹ̀ sì ń yára jáde, òun ni àwọn tí ń gun irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ yàn láàyò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àléébù rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ ni pé apá kan nínú epo tí ó ń fà wọlé máa ń bá èéfín jáde láìjóná. Púpọ̀ nínú àwọn ìlànà tuntun tí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ti mú wá láti àwọn ọdún 1990 ni ó dá lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: ibo ni kí epo ti pàdé afẹ́fẹ́, ìgbà wo sì ni kí ó pàdé rẹ̀?

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ẹ́ńjìnnì ìgbésẹ̀-mẹ́rin, irú èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kíráǹkì ní láti yí lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó ràn lẹ́ẹ̀kan nínú sílíńdà. Nínú ti ìgbésẹ̀-méjì, gbogbo ìgbà tí kíráǹkì bá yí ni iná ń ràn. Kò sí fáàfù tí ń lọ sókè sódò lórí rẹ̀ bí ti ìgbésẹ̀-mẹ́rin. Ihò ni a lu sí ara ògiri sílíńdà, písítìnnì fúnra rẹ̀ ni ó sì ń ṣí wọn tí ó ń dé wọn bí ó ti ń kọjá.

Nígbà tí písítìnnì bá ń gòkè, ó ń fa àdàlú afẹ́fẹ́ àti epo wọ inú ilé kíráǹkì tí ó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti ràn, yóò kọ́kọ́ ṣí ihò àbájáde kí èéfín lè gba sàléńsà lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣí àwọn ihò àtagbà, èyí tí àdàlú tuntun ń gbà gòkè láti ilé kíráǹkì wá sínú sílíńdà. Ibi tí ìṣòro wà nìyí: ihò àtagbà àti ihò àbájáde ń ṣí sílẹ̀ pọ̀ ní àkókò kan náà. Àdàlú tuntun ni ó ń ti èéfín jáde, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń da omi mímọ́ sínú ìkòkò láti fi ṣan omi ìdọ̀tí kúrò. Bí ó ti wù kí ó ṣọ́ra tó, díẹ̀ nínú omi mímọ́ náà yóò bá ìdọ̀tí lọ. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ó ń lo kabúrétọ̀, epo tí ó ń sọnù lọ́nà yìí lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin, nígbà mìíràn ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀ràn kejì ni ti ọ́ìlì. Nítorí pé ilé kíráǹkì ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, a kò lè da ọ́ìlì síbẹ̀ kí ó dúró bí ó ti ń dúró nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. A ní láti pò ó mọ́ epo, kí ó máa ra àwọn bẹ́rẹ́ǹgì àti ògiri sílíńdà bí ó ti ń kọjá, kí òun náà sì jóná. Ẹni tí ó bá ti po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rí fún jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ará Nàìjíríà sọ ní “I better pass my neighbour” ti mọ iṣẹ́ yìí, ó sì ti mọ èéfín tí ń tẹ̀lé e.

Àkókò tí gbogbo èyí fi ń ṣẹlẹ̀ kéré púpọ̀. Bí kíráǹkì bá ń yí ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 133 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ihò àtagbà ń ṣí fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 2.5 (mílísẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Láàárín àkókò yìí ni èéfín gbọ́dọ̀ kúrò, tí àdàlú tuntun sì gbọ́dọ̀ gba ipò rẹ̀.

Ìtàn ní ṣókí

Dugald Clerk, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni ó ṣe ẹ́ńjìnnì ìgbésẹ̀-méjì àkọ́kọ́ tí ó yege, ní nǹkan bí ọdún 1878 sí 1881, ṣùgbọ́n ó fi sílíńdà kejì ṣe pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ fún un. Joseph Day, ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó mú lílo ilé kíráǹkì gẹ́gẹ́ bí pọ́ǹpù wá ní ọdún 1891. Ní àárín àwọn ọdún 1920, Adolf Schnürle ti ilẹ̀ Jámánì gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ó kọ ojú àwọn ihò àtagbà sí ògiri tí ó kọjú sí ihò àbájáde, kí àdàlú tuntun lè kọ́kọ́ yí po nínú sílíńdà kí ó tó rí ọ̀nà jáde. Ilé-iṣẹ́ DKW lo ìlànà náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣe àdàkọ DKW RT 125: BSA Bantam ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan, YA-1 tí Yamaha fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alùpùpù ní 1955 sì jẹ́ òmíràn.

Ẹni tí ó sọ ẹ́ńjìnnì yìí di ti eléré ìdíje ni Walter Kaaden, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ MZ ní Ìlà-Oòrùn Jámánì. Kaaden lo sàléńsà oníkùn, èyí tí ó fẹ̀ ní àárín tí ó sì tún fún ní ìdí. Bí èéfín bá ti ń sáré kọjá nínú rẹ̀, ìgbì afẹ́fẹ́ kan a kọ́kọ́ fa èéfín tí ó ṣẹ́kù jáde kúrò nínú sílíńdà. Ìgbì kejì a sì kọlu ìdí tí ó fún náà, a padà wá, a sì ti àdàlú tuntun tí ó ti sá jáde padà sínú sílíńdà kí písítìnnì tó dé ihò náà. Páìpù lásán, tí kò ní ohunkóhun tí ń mì nínú rẹ̀, ni ó ń ṣe iṣẹ́ fáàfù. Ní ọdún 1961, ẹ́ńjìnnì MZ 125 cc fún Kaaden ní agbára ẹṣin 25, èyí tí í ṣe 200 fún lítà kan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni Ernst Degner, eléré MZ, sá kúrò lọ́dọ̀ wọn nígbà ìdíje ní Sweden, tí ó sì gbé ìmọ̀ náà lọ fún Suzuki ní Japan. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó gba ipò kìíní àgbáyé fún Suzuki ní ẹ̀ka 50 cc.

Ìmọ̀ náà kò pẹ́ dé inú igbó. Joël Robert ti ilẹ̀ Belgium gba ipò kìíní àgbáyé motocross ní ẹ̀ka 250 cc ní 1964 lórí CZ ti Czechoslovakia. Ní 1966 Paul Friedrichs gba ti 500 cc lórí alùpùpù ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìgbésẹ̀-méjì borí ní ẹ̀ka tí ó ga jù lọ. Robert tún borí lórí Suzuki ní 1970. Láti ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ Japan ni ó ń darí. Fáàfù eléwé, tí kì í jẹ́ kí àdàlú padà sẹ́yìn sínú kabúrétọ̀, di ohun tí gbogbo wọn ń lò, wọ́n sì fi omi rọ́pò afẹ́fẹ́ fún títu ẹ́ńjìnnì.

Ohun kan láti ìgbà yẹn ṣe pàtàkì sí ohun tí a ó sọ nísàlẹ̀: fáàfù agbára, tí Yamaha kọ́kọ́ lò lórí alùpùpù ìdíje rẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1970. Sàléńsà oníkùn ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìwọ̀n eré kan ṣoṣo. Bí eré bá lọ sílẹ̀, ìgbì náà a padà dé ní àkókò tí kò yẹ, agbára a sì já. Fáàfù agbára ń sọ òkè ihò àbájáde kalẹ̀ nígbà tí eré bá kéré, ó sì ń gbé e sókè nígbà tí eré bá pọ̀. Ìgbà tí ó dé ni ẹni tí kì í ṣe akọni tó lè gun 250 cc ìgbésẹ̀-méjì láìjẹ́ pé alùpùpù náà gbé e sínú koto.

Òfin èéfín àti ìgbésẹ̀-mẹ́rin

Ní ọdún 1997, Doug Henry borí nínú ìdíje supercross ní Las Vegas lórí Yamaha YZM400F, alùpùpù ìgbésẹ̀-mẹ́rin. Ní ọdún kejì, Yamaha gbé YZ400F sí ọjà. Àwọn òfin ìdíje ní Amẹ́ríkà fi ààyè sílẹ̀ fún ìgbésẹ̀-mẹ́rin tí ó tóbi ju ìgbésẹ̀-méjì dáadáa lọ láti jọ díje ní ẹ̀ka kan náà, nígbà tí ó sì yá, 450 cc ni ó ń kojú 250 cc. Ó ṣòro láti pe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní ọgba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tí iná ń ràn nínú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì yẹ kí ó san nǹkan kan fún àǹfààní náà. Ohun tí ó dájú ni pé láàárín ọdún mẹ́wàá, ìgbésẹ̀-méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò pátápátá lórí pápá motocross ńlá. Honda kò ṣe CR mọ́ lẹ́yìn ti ọdún 2007. Yamaha nìkan ni ó ń bá YZ125 àti YZ250 lọ láìdáwọ́ dúró nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Japan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Òfin èéfín ń ti wọn láti ẹ̀yìn. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tí ń rí sí àyíká ṣe òfin ní 2002 pé láti ọdún 2006, alùpùpù inú igbó tuntun kò gbọdọ̀ tú ju gíráàmù 2.0 háídírókábọ́nù àti nítírójìn ọ́kísáìdì pọ̀, àti gíráàmù 25 kábọ́nù mònóksáìdì, jáde fún kìlómítà kan. Alùpùpù tí a ṣe fún ìdíje nìkan ni a yọ sílẹ̀. Ní California tẹ́lẹ̀, a máa ń lẹ ìlẹ̀mọ́ pupa mọ́ alùpùpù tí kò bá ìwọ̀n mu, kò sì lè wọ inú àwọn pápá kan ní àwọn oṣù tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá burú. Ní Yúróòpù, alùpùpù enduro gbọ́dọ̀ ní nọ́ḿbà kí ó lè gba títì láti inú igbó kan dé òmíràn, nítorí náà ó ní láti bá ìwọ̀n Euro 4 mu, lẹ́yìn náà Euro 5. Bí ìgbésẹ̀-méjì bá fẹ́ yè, ó ní láti dá epo tí ń sá jáde náà dúró.

Ìṣòro náà kò mọ sí pápá eré. Ní Kùtọ̀nú, àwọn zémidjan onígbésẹ̀-méjì wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ sọ afẹ́fẹ́ ìlú náà di ohun tí ń ta ojú. Ní Nàìjíríà, Jincheng AX100 tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà fi jẹun jẹ́ ìgbésẹ̀-méjì, kí àwọn ìgbésẹ̀-mẹ́rin bíi Bajaj Boxer tó gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iná tí ń dá ara rẹ̀ ràn

Honda gba ọ̀nà tí ẹlòmíràn kò gbà. Nínú ẹ́ńjìnnì ìgbésẹ̀-méjì tí a kò fún ní epo púpọ̀, èéfín àtijọ́ tí ó kù nínú sílíńdà máa ń pọ̀ ju àdàlú tuntun lọ, púlọ́ọ̀gì kò sì ní lè dáná sí i ní gbogbo ìgbà. Ìyípo kan a jó, èkejì a kọ̀, àdàlú tí kò jó náà a sì jáde bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni ó fa ìró kọ́lọkọ̀lọ tí irú alùpùpù yìí máa ń dún nígbà tí ó bá ń rìn jẹ́jẹ́.

Ní ọdún 1979, S. Onishi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn pé a lè sọ èéfín àtijọ́ náà di ọ̀rẹ́. Ó gbóná. Bí a bá ká a mọ́ inú sílíńdà ní ìwọ̀n tí ó yẹ, ooru rẹ̀ àti títẹ̀ tí písítìnnì ń tẹ̀ ẹ́ tó láti mú kí gbogbo àdàlú náà gbiná lẹ́ẹ̀kan náà láìsí pé púlọ́ọ̀gì dáná sí i. Honda fi fáàfù kan sí ẹnu ihò àbájáde láti máa ṣàkóso bí èéfín tí ó ṣẹ́kù yóò ti pọ̀ tó. Púlọ́ọ̀gì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń ta ẹ́ńjìnnì àti nígbà tí a bá fún un ní epo ní kíkún; ní àárín méjèèjì, iná ń dá ara rẹ̀ ràn.

Wọ́n dán an wò níbi tí ojú ń ti rí i. Ní ìdíje Granada–Dakar ti ọdún 1995, Jean Brucy gun Honda EXP-2, alùpùpù ìgbésẹ̀-méjì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó nǹkan bí 400 cc, ó sì ṣe ipò karùn-ún láàárín gbogbo àwọn alùpùpù, lára èyí tí àwọn ìgbésẹ̀-mẹ́rin tí ó tóbi jù ú lọ dáadáa wà. Nínú aṣálẹ̀, ẹni tí epo rẹ̀ kò bá tètè tán kò ní láti ru epo púpọ̀, ìdí nìyí tí ìdíje náà fi jẹ́ ìdánwò tí ó bójú mu. Ní 1997, Honda ta CRM250AR tí ó lo ìlànà kan náà ní Japan. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ náà yí ojú sí ìgbésẹ̀-mẹ́rin. Nínú gbogbo ìmọ̀ tí a sọ nínú àyọkà yìí, èyí ni a lè sọ pé a pa tì kí ó tó gbó: CRM250AR lo kabúrétọ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbé irú rẹ̀ tí ó ní kọ̀ǹpútà àti ínjẹ́kítọ̀ wá sí ọjà fún alùpùpù inú igbó.

Ibi tí a lè ti fín epo

Ọ̀nà kejì ni láti mú kabúrétọ̀ kúrò, kí a sì fi ínjẹ́kítọ̀ fín epo ní àkókò tí kọ̀ǹpútà bá yàn. Ibi mẹ́ta ni a lè fi ínjẹ́kítọ̀ náà sí: ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, inú ihò àtagbà, tàbí orí sílíńdà fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti súnmọ́ sílíńdà tó ni epo tí ń sọnù ń dínkù tó, bẹ́ẹ̀ ni àkókò iṣẹ́ ń kéré sí i.

Fífín epo tààrà sínú sílíńdà ni ó mọ́ jù. Bí a bá dúró títí písítìnnì yóò fi dé ihò àbájáde kí a tó fín epo, afẹ́fẹ́ lásán nìkan ni yóò sá jáde. Ralph Sarich àti ilé-iṣẹ́ Orbital rẹ̀ ní ìlú Perth, ní Australia, ṣe irú ínjẹ́kítọ̀ bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń ràn lọ́wọ́ láti fọ́ epo sí wẹ́wẹ́; Aprilia lò ó lórí sikúútà SR50 Ditech, àjọ Envirofit tí ó ti Colorado State University jáde sì lo ìmọ̀ yìí láti tún ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta ṣe ní ìlú Vigan ní Philippines. Ilé-iṣẹ́ BRP ti Kánádà lo irú mìíràn, E-TEC, fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Evinrude àti fún Ski-Doo tí ń rìn lórí yìnyín.

Kí ló dé tí kò tíì gba orí alùpùpù motocross? Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Láti ìgbà tí ihò àbájáde bá ti dé títí di ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò tan iná, kíráǹkì kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 75 nínú 360 lọ. Ní eré 8,000, èyí jẹ́ nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 1.6. Ní eré 11,000, èyí tí ẹ́ńjìnnì 125 cc máa ń dé láìlàágùn, kò ju mílísẹ́kọ́ńdì 1.1 lọ. Láàárín ìgbà yìí ni epo gbọ́dọ̀ wọlé, kí ó di ìrì wẹ́wẹ́, kí ó gbẹ, kí ó sì dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ káàkiri. Ẹ̀rọ tí ń rìn lórí yìnyín ń sáré ní ìwọ̀n kan náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní ààyè fún bátìrì àti pọ́ǹpù ńlá. Alùpùpù motocross ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà, gíráàmù kọ̀ọ̀kan sì ni ẹni tí ń gùn ún ń kà. Bimota ti Ítálì kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà tí ó korò. 500 Vdue tí ó gbé jáde fún títì ní 1997 lo ínjẹ́kítọ̀ tí ń fín epo sínú sílíńdà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà kò gbọ́ràn sí ọwọ́ ẹni tí ń gùn ún, a sì ní láti gba èyí tí a ti tà padà. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé kò pẹ́ sí i.

Ibi tí KTM ti Austria yàn ni àárín. Ní ọdún 2017 ni ó fi 250 EXC TPI àti 300 EXC TPI hàn, èyí tí ó jẹ́ ti ọdún 2018, Husqvarna tí ó jẹ́ ti ilé kan náà sì gbé TE 250i àti TE 300i jáde. Ínjẹ́kítọ̀ méjì wà lára sílíńdà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kọjú sí ọ̀kan nínú àwọn ihò àtagbà ẹ̀yìn. Epo ń bọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Wọ́n kọlura, epo a sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ọwọ́ ẹni tí ń gùn ún ti ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó, bí afẹ́fẹ́ inú ilé kíráǹkì ti tẹ̀ tó, àti bí omi ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó. Òmíràn ń pa ẹ́ńjìnnì bí alùpùpù bá dojú dé. Epo kò gba ilé kíráǹkì mọ́, nítorí náà kò lè gbé ọ́ìlì lọ síbẹ̀. Táńkì kékeré kan àti pọ́ǹpù ni ó ń fún un ní ọ́ìlì, ní ìwọ̀n tí iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe bá béèrè. Ẹni tí ń gùn ún kò po ọ́ìlì mọ́.

Àǹfààní tí ó dùn mọ́ àwọn eléré jù kì í ṣe ti èéfín. Kabúrétọ̀ kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ orí òkè fẹ́lẹ́ ju ti àfonífojì lọ. Ẹni tí ó bá ń díje lórí òkè gíga ní láti máa pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì kabúrétọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń lọ láti ibì kan dé ibòmíràn, tàbí kí ó fara mọ́ ẹ́ńjìnnì tí epo ń bò lójú. Lórí TPI, kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe àtúnṣe náà. Nínú hard enduro, irú ìdíje tí Erzbergrodeo ní Austria jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀, níbi tí ènìyàn ti ń gun òkúta tí ó ga ju orí lọ, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n KTM kò gbé TPI wá sí orí alùpùpù motocross rẹ̀. Àwọn SX rẹ̀ ń bá kabúrétọ̀ lọ títí di ti ọdún 2023, nígbà tí ó gbé ìlànà mìíràn, TBI, wá. Nínú èyí, ínjẹ́kítọ̀ méjèèjì wà ní ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ó fẹ̀ tó mílímítà 39, níbi tí kabúrétọ̀ ti máa ń wà, epo sì tún padà ń gba ilé kíráǹkì kọjá. Ọ́ìlì tún di ohun tí a ń pò mọ́ epo. Ní ti epo tí ń sá jáde, ìpadàsẹ́yìn ni èyí. Ní ti bí ẹ́ńjìnnì ti ń dáhùn nígbà tí a bá ṣí ọwọ́ fún un ní kíkún, ìlọsíwájú ni, nítorí pé epo ní àkókò tí ó pọ̀ tó láti dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Ní ti ọdún 2024, àwọn EXC náà kúrò lórí TPI wá sórí TBI.

Àwọn àtúnṣe mìíràn

OSSA ti ilẹ̀ Spain ti lo ínjẹ́kítọ̀ lórí alùpùpù trials rẹ̀, TR280i, ní ọdún 2011, ṣáájú KTM. Ó tún yí sílíńdà rẹ̀ padà, afẹ́fẹ́ ń gba iwájú wọlé, èéfín sì ń gba ẹ̀yìn jáde. Ètò yìí jẹ́ kí ọ̀nà méjèèjì tọ́, ó sì kó ìwúwo sí àárín alùpùpù. Ó ya ni lẹ́nu pé àwọn mìíràn kò tẹ̀lé e.

Fáàfù agbára pàápàá ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, irin roboto tí ń fẹ̀ bí eré bá ti ń pọ̀ ni ó ń ṣí i. Lórí SX ti 2023, mọ́tò kékeré tí kọ̀ǹpútà ń darí ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí náà a lè yí ìwà ẹ́ńjìnnì padà láìtú u. Láti ọdún 2017 ni ẹ́ńjìnnì 250 àti 300 EXC ti ní ọ̀pá kan tí ń yí lòdì sí kíráǹkì láti pa gbígbọ̀n rẹ̀, èyí tí ó máa ń mú ọwọ́ ẹni tí ń gùn ún kú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Ní 2009, ilé-iṣẹ́ Lotus ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú Queen's University Belfast, Jaguar àti Orbital, fi ẹ́ńjìnnì ìwádìí kan tí a ń pè ní Omnivore hàn. Orí sílíńdà rẹ̀ lè súnmọ́ písítìnnì tàbí kí ó jìnnà sí i bí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí ó lè lo bẹntiróòlù, ọtí étánọ́ọ̀lù tàbí àdàlú wọn. A kò ṣe é fún alùpùpù, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé iná tí ń dá ara rẹ̀ ràn àti fífín epo tààrà lè jọ gbé inú ẹ́ńjìnnì ìgbésẹ̀-méjì kan náà.

Àríyànjiyàn lórí kabúrétọ̀

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gba kọ̀ǹpútà tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tí ó ní YZ250 lè tú òkè ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nínú àgbàlá ilé rẹ̀, kí ó pààrọ̀ písítìnnì àti rín-ìn-gì, kí ó sì gùn ún ní ọjọ́ yẹn kan náà. Kò sí fáàfù tí ó ní láti wọ̀n, kò sí ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì tí ó ní láti tò. Bí ìgbésẹ̀-mẹ́rin ìdíje bá bàjẹ́, owó àtúnṣe rẹ̀ máa ń ga ju èyí lọ fíìfíì. Àwọn tí ń ṣàròyé sọ pé ínjẹ́kítọ̀, sẹ́ńsọ̀ àti wáyà ń sọ ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe di ti àwọn tí ó ní kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́. Beta ti Ítálì gbọ́ tiwọn: ó fi pọ́ǹpù ọ́ìlì sí orí àwọn enduro rẹ̀ ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí kabúrétọ̀ wà níbẹ̀. Ìdáhùn àwọn tí ó wà ní ìhà kejì ni pé kabúrétọ̀ kò lè bá òfin èéfín lọ títí, àti pé alùpùpù tí a kò lè fún ní nọ́ḿbà kò ní wúlò fún ẹni tí ìyá rẹ̀ kò ní oko.

Ní báyìí, alátakò mìíràn tún ti dé. Alùpùpù motocross oníná, irú bíi VARG tí ilé-iṣẹ́ Stark ti ìlú Barcelona ṣe, kò ní èéfín rárá, agbára rẹ̀ sì ń jáde ní kíá ju ti ìgbésẹ̀-méjì lọ. Ìwúwo bátìrì àti iye wákàtí tí ó lè fi ṣiṣẹ́ kí ó tó nílò iná ni ó ṣì ń dí i lọ́wọ́ nínú ìdíje enduro gígùn, níbi tí a ti lè bu epo sí táńkì ìgbésẹ̀-méjì láàárín ìṣẹ́jú kan, kí a sì máa lọ.